Gbogbo Ẹbí Ló Wà Nínú Fóònù Yín: Ṣe àti Má Ṣe

Nọ́ńbà ìyá yín, ti ọ̀gá ibi iṣẹ́, ti olùkọ́ àwọn ọmọ, inú fóònù yín ni gbogbo wọn wà. Ẹni tó bá já wọ ibẹ̀ ti rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ ẹbí lọ̀rọ̀ yìí, tọmọdé tàgbà.

Ẹ má ṣe ka kóòdù fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp ń fi ránṣẹ́ wà fún ẹni tó ni àkáǹtì nìkan. Oníjìbìtì á pè, á ní òun ń to orúkọ ọmọ ìjọ fún ìpàdé orí Zoom, tàbí pé ẹ̀bùn kan bọ́ sí yín lọ́wọ́, kí ẹ ṣáà ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún òun. Bí ẹ bá ti kà á tán, WhatsApp yín ti di tirẹ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi kọ̀wé sí àwọn èèyàn yín: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, báǹkì mi ń dà mí láàmú, ẹ bá mi fi ₦50,000 ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yìí, màá dá a padà lálẹ́." Wọ́n á sì fi ránṣẹ́, torí pé wọ́n fẹ́ràn yín.

Ẹ ṣe ìdènà kejì sórí WhatsApp. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Account, ẹ ó rí Two-step verification. Ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí yín. Bí ẹ bá lọ kí àwọn òbí yín, ẹ bá wọn ṣe tiwọn náà kí ẹ tó dìde.

Ẹ fi PIN ti síìmù yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ìka tí àwọn fi ń ṣí fóònù ti tó. Ẹni tó já fóònù gbà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì lè má bá fóònù náà jà rárá: yóò yọ síìmù, yóò kì í bọ inú fóònù mìíràn, yóò sì máa gba kóòdù báǹkì yín. Bí síìmù bá ní PIN, kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè PIN àkọ́kọ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ni ín, torí bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó di dandan kí ẹ lọ gba PUK, kóòdù tó ń ṣí síìmù tó ti tì pa. Ẹ kọ nọ́ńbà báǹkì yín sórí ìwé nílé, kí ẹ lè tètè pè wọ́n bí fóònù bá lọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí áàpù ẹ̀yáwó wo orúkọ àwọn tó wà nínú fóònù yín. Bí ẹ bá pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó san owó padà, àwọn èèyàn yìí ni ayánilówó máa kọ̀wé sí pé olè ni yín, pẹ̀lú fọ́tò yín. Láti ọdún 2023 ni Google ti ka wíwo orúkọ wọ̀nyí léèwọ̀ fún áàpù ẹ̀yáwó tó wà lórí Play Store. Áàpù tí ẹ gbà láti orí líǹkì kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, ní àkọsílẹ̀ àwọn ayánilówó tó fọwọ́ sí. Ẹ wò ó ná.

Ẹ má ṣe fi BVN tàbí NIN ránṣẹ́ káàkiri. Báǹkì kì í sì í pe èèyàn béèrè PIN.

Ẹ má ṣe gbé fọ́tò ọmọ nínú aṣọ iléèwé síta, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Àjèjì tó mọ gbogbo èyí lè pe ọmọ náà lórúkọ ní ẹnu géètì. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé èyí fún ìyá àgbà tó bá ń gbé fọ́tò ọmọ síta pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi fọ́tò ìhòòhò ránṣẹ́, bó ti wù kí ẹni náà dùn lẹ́nu tó. Ní oṣù keje ọdún 2024, Meta kéde pé òun ti pa nǹkan bí 63,000 àkáǹtì Instagram rẹ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n fi ń gbìyànjú láti fi irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ halẹ̀ mọ́ èèyàn gba owó. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má sanwó, torí wọ́n á tún padà wá. Ẹ má fèsì mọ́, ẹ tọ́jú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ, kí ẹ sì sọ fún àgbàlagbà kan lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ má pariwo lé ọmọ tó mú irú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ẹ̀rù yín tó ń bà á ni oníjìbìtì fi ń dè é mọ́lẹ̀.

Ẹ pàdé ẹni orí Facebook ní gbangba, lọ́sàn-án, kí ará ilé sì mọ ibi tí ẹ lọ. Ní 2012, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wá sí Èkó láti bá àwọn tó mọ̀ lórí Facebook pàdé ni wọ́n pa sí hòtẹ́ẹ̀lì kan lágbègbè Festac.

Ẹ pe ẹni tó ń tọrọ owó kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ti ń sín ohùn èèyàn jẹ báyìí, torí náà, ẹ yan ìbéèrè kan tí ará ilé nìkan mọ ìdáhùn rẹ̀. Kó má jẹ́ oríkì tí gbogbo ayé ti gbọ́ níbi ìnáwó, kí ẹ má sì kọ ọ́ sórí gúrúùpù ẹbí.