Wakanda láìsí ọba rẹ̀

Ìbéèrè: Kumasi ni mo ń gbé. Mo fẹ́ràn fíìmù Black Panther àkọ́kọ́ gan-an, àmọ́ apá kejì sú mi. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Chadwick Boseman tó ṣe ọba Wakanda nínú apá kìíní kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, lẹ́ni ọdún 43. Ryan Coogler, olùdarí fíìmù náà, kò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ló bá sọ eré di ìsìnkú. Funfun ni wọ́n wọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe dúdú àti pupa tí ẹ mọ̀ fún ìsìnkú ní Kumasi. Ibẹ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Àmọ́ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 41 ti pọ̀ jù (ìdí ń ro èèyàn!), ọ̀rọ̀ Riri, akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà yẹn, kò sì wúlò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ò jẹ̀bi rárá: apá kìíní ló dáa jù.