Igi Dóńgóyárò: Ààbò fún Oko àti Àká

Àwọn àgbà a máa wí pé, kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni í gbé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ẹ̀wà. Láti oko ni kòkòrò ẹ̀wà ti ń yé ẹyin sí i lára. Nígbà tí a bá sì kó o délé, àwọn ọmọ rẹ̀ a lu hóró, wọn a máa jẹ ẹ́ nínú. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, àpò tí ó kún a di ìyẹ̀fun: a kò rí jẹ, a kò sì rí gbìn.

Nítorí ìbẹ̀rù àdánù yìí ni àwọn mìíràn ṣe ń da oògùn olóró tí a ṣe fún aáyán àti ẹ̀fọn sí ẹ̀wà tí ènìyàn yóò jẹ. Ìwà búburú ni. Ní ọdún 2015, àwọn aláṣẹ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù kọ ẹ̀wà gbígbẹ tí ó ti Nàìjíríà wá, nítorí tí wọ́n bá irú oró bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ. Ohun tí àlejò kọ̀, ǹjẹ́ ó yẹ kí a sè é fún àwọn ọmọ wa?

Ẹlẹ́dàá kò fi wá sílẹ̀ láìní ìrànlọ́wọ́. Igi dóńgóyárò, tí ó ti ìhà Íńdíà wá, tí ó sì wà ní àgbàlá púpọ̀ láàrin wa, ní agbára nínú ìkorò rẹ̀. Ní ọdún 1959, ní ilẹ̀ Súdàánì, Heinrich Schmutterer, onímọ̀ kòkòrò ará Jámánì, rí i pé eṣú bà lé igi yìí, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ ewé rẹ̀. Èròjà tí ó lágbára jù nínú rẹ̀ ni a ń pè ní azadirachtin. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀; ó ń mú kí oúnjẹ sú u, kì í sì í jẹ́ kí èyí tí ó kéré lè bọ́ awọ rẹ̀ kí ó dàgbà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fọ́n ọn lónìí, tí ó sì ń retí òkú kòkòrò lọ́la, yóò wí pé irọ́ ni. Sùúrù ni ó gbà.

FÚN Ẹ̀FỌ́ ÀTI ILÁ
1. Ẹ ṣa èso tí ó pọ́n, ẹ bó o, ẹ fọ kóró rẹ̀, kí ẹ sì sá a sí ibòji títí yóò fi gbẹ. Èyí tí ó bá bu, ẹ dà á nù.
2. Ẹ pa kóró náà, kí ẹ gún ọmọ inú rẹ̀. Ẹ rẹ 500 gíráàmù sínú omi lítà 10 láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ọṣẹ díẹ̀ sí i.
3. Ẹ fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́, sí òkè àti abẹ́ ewé, nítorí oòrùn a máa ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 7, tàbí bí òjò bá fọ̀ ọ́ lọ.

FÚN ẸWÀ INÚ ÀKÁ
Ẹ̀wà tí a ó gbìn ni kí ẹ fi òróró dóńgóyárò pa lára, mílílítà 5 fún kílò kan, kí ẹyin kòkòrò má bàa pa. Èyí tí a ó jẹ, ẹ sá a gbẹ dáadáa, ẹ rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò tí kò rí afẹ́fẹ́ kò lè pẹ́ láyé.

ÌKÌLỌ̀
Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ohun tí ó ti ara igi wá kò lè ṣeni ní ibi. Òróró yìí ti pa ọmọ ọwọ́ tí a fún mu rí. Ẹ gbé e jìnnà sí àwọn ọmọdé, ẹ ya korobá rẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ sì fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí ẹ tó sè é.

Nígbà tí èso dóńgóyárò bá ń bọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rà sílẹ̀ lásán. Ẹni tí ó bá ṣa á ní àkókò rẹ̀ ni yóò rí i lò nígbà tí kòkòrò bá dé.