Ààfáà, Súnnà Wo Ni Apá Mi Ká?

*Awakọ̀ ni mí, Ìkọ̀lé sí Adó ni mò ń ná. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń dé gáréèjì, alẹ́ ti máa ń lẹ́ gan-an kí n tó wọlé. Ọmọ ìjọ ni ìyàwó mi, a kì í sì í tìtorí ẹ̀sìn jà. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sí wáàsí ni mò ń gbọ́ súnnà tuntun, orí mi ti kún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní gáréèjì ní ẹni tí kò bá dá irùngbọ̀n sí, tí ṣòkòtò rẹ̀ kò sì mọ sókè kókósẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀ súnnà. Ní Àlàmísì tó kọjá, ọkọ̀ mi kú lọ́nà Ọ̀yẹ́. Mo to òkúta sẹ́yìn rẹ̀, mo já ewé lé e, mo ń retí mẹkáníìkì títí ìrun Aláàsárì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ń rò ó pé bóyá súnnà kì í ṣe ti irú wa. Èwo ni apá mi ká nínú rẹ̀?*
*Awakọ̀, Ìkọ̀lé-Èkìtì*

Awakọ̀ wa, o kú ọ̀nà o, Ọlọ́hun á máa bá wa ṣọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti irùngbọ̀n kúrò nílẹ̀. Mi ò ní bá ọ̀rẹ́ rẹ jiyàn pé kì í ṣe súnnà. Ohun tí mo bá a wí sí ni pé ó sọ ọ́ di ẹnu ọ̀nà, pé ẹni tí kò bá gba ibẹ̀ kò lè wọlé. Nánà Àíṣà, ìyàwó Ànábì wa, ròyìn, Bukhari àti Muslim tí wọ́n kó hádíìsì jọ sì gbà á wá, pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù lọ ni èyí tí èèyàn ń ṣe láìdáwọ́ dúró, bó ti wù kó kéré tó. Ìwọ náà mọ ọkọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ tó sì dé Adó, o sì mọ èyí tó sáré burúkú kúrò ní gáréèjì tó wá lọ kú sí Ìfàkì.

Ibi tí ọwọ́ rẹ wà tẹ́lẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Bó o bá ti jókòó sídìí ọkọ̀, ṣe Bisimilááhì, kó o ka àdúà ìrìn tó wà nínú Àlùkùráánì, Súratu Súkúrúfù, orí 43, ẹsẹ̀ 13 àti 14. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ní kí ọmọ ilé kéwú máa kà á sí ọ létí títí yóò fi yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu, kò gùn. (Wo táyà kó o tó kà á o. Àdúà kì í pààrọ̀ táyà.)

Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní ẹni tó gun nǹkan ni kó kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ṣé o rí i pé ẹ̀yin awakọ̀ gan-an ló ń bá wí? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ń sá wọ inú koríko, awakọ̀ á fọn fèrè mọ́ ọn létí, á tún bú u kún un. Ìyá àgbà tó ru igi bọ̀ láti oko yẹn, dẹ eré fún un, na ọwọ́ sí i, kí i. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, sálámà. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, "Ẹ kú àbọ̀ oko, Màmá" kò ní ba ìgbàgbọ́ rẹ jẹ́.

Ó ku ilé. Wọ́n bi Nánà Àíṣà pé kí ni Ànábì kọ́kọ́ máa ń ṣe bó bá wọlé. Ó ní pákò ni. Ẹnu tó ti jẹ obì láti àárọ̀ ní gáréèjì, má gbé e lọ bá ìyàwó rẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún bi í pé kí ni ó máa ń ṣe nínú ilé. Ó ní iṣẹ́ ilé ló máa ń bá wọn ṣe, bí àsìkò ìrun bá tó á jáde lọ. Èkìtì la wà, iṣẹ́ ilé wo ló ju iyán lọ? Ọjọ́ Àìkú tó o bá sinmi, jẹ́ kí ìyàwó rẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé kó bá ọ nídìí odó. Bó bá jẹ́ òun ló gún un tí kókó wà nínú rẹ̀, jẹ ẹ́, tàbí kó o fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n má wí nǹkan kan. Àbù Úráírà, ọmọlẹ́yìn Ànábì, ní Ànábì kò bú oúnjẹ rí: bó bá wù ú á jẹ ẹ́, bí kò bá wù ú á pa á tì. Ṣe Bisimilááhì, ọwọ́ ọ̀tún, iwájú ara rẹ sì ni kó o ti bu òkèlè. Ọmọdé kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń rìn káàkiri inú àwo ni Ànábì kọ́ ní ìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ bo oúnjẹ àti omi, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pa iná. Ànábì ló pa á láṣẹ, ó ní eku lè fa òwú àtùpà kó jó ilé mọ́ onílé lórí. Àtùpà ti ń lọ, jẹnẹrétọ̀ ti gba ipò rẹ̀; ẹ pa òun náà. Ṣùgbọ́n eku kò lọ o. Òun ló ń gbé ibà Lassa kiri, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno lọ́dún 1969, tó sì ń yọ Oǹdó tó múlé tì wá lẹ́nu. Bó o bá gbé èrò lọ sí ọsibítù ńlá tó wà ní Ìdó, bi nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bóyá kó o bo ọbẹ̀. Wà á gbọ́ èsì. Ìyàwó rẹ kò sì ní láti di Mùsùlùmí kó tó fi ọmọrí dé ìkòkò.

Gbogbo èyí ti pọ̀ jù fún oṣù kan. Mú méjì, kó o dì í mú.

Jẹ́ kí èmi mú ọ̀kan fún ọ. Ànábì ní ìgbàgbọ́ ní ẹ̀ka tó lé ní àádọ́rin, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ sì ni mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà. O kọ ọ́ sí mi pé o to òkúta sẹ́yìn ọkọ̀. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí ibi tó o ti sọ pé o kó o kúrò. Ọlọ́kadà kì í rí irú òkúta bẹ́ẹ̀ lálẹ́ títí yóò fi gùn ún. Lọ́la tó o bá ń kọjá, jọ̀ọ́, dúró, kó o gbé e jù sínú koríko.