Irinwó Ó Dín Kan: Ọ̀rọ̀ Ìṣirò fún Ẹ̀yin Ọmọ Arimogija

Ẹ jókòó, ọmọ mi. WAEC ń bọ̀, láti ìrọ̀lẹ́ ni mo sì ti ń gbọ́ ariwo x àti y lẹ́nu yín.

1. Ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ronú. Ní 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá darí ètò tó ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò fún ọdún 6. Kí ni 19 × 21? Ìwọ tó ń wá kakulétọ̀, sinmi ná. Mọ́kàndínlógún: ogún tí ọ̀kan dín. Mọ́kànlélógún: ogún tí ọ̀kan lé. Ogún lọ́nà ogún jẹ́ irinwó, ọ̀kan lọ́nà ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan. Ẹ yọ ọ̀kan nínú irinwó: 399, irinwó ó dín kan. Òun ni ìwé yín ń kọ ní (a − b)(a + b) = a² − b². Àwọn ìyá wa ò rí ìwé náà, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ogún kọ́ òǹkà lọ́jà.

2. (a + b)² kì í ṣe a² + b². Èyí ló ń jẹ máàkì yín jù. Ká ní oko kan ní ìlà 7, ebè 7 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ebè 49 nìyẹn. Ẹ fi okùn pín in sí 3 àti 4 ní òró, kí ẹ tún pín in bẹ́ẹ̀ ní ìbú. Igun kan gba ebè 9, igun tó kọjú sí i gba 16. 25 péré! Ebè 24 yòókù ńkọ́? Olè kò jí i. Ó wà nínú abala méjì tó kù, 12 níbí, 12 lọ́hùn-ún: 2ab tí ẹ gbàgbé nìyẹn. Ẹni tó bá fi ọkọ́ kọ ebè náà kò lè gbàgbé rẹ̀.

3. Ẹ ya àwòrán. Gbogbo ìgbà.

4. Ẹ lọ wo àwọn bíríkìlà ìlú wa. Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n á wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 sí apá kan, 4 sí apá kejì. Bí okùn tó so orí méjèèjì pọ̀ bá jẹ́ 5 gééré, igun ilé náà ti gún. 9 + 16 = 25. (Níbí, ó pé, nínú oko, kò pé. Ẹ wá ìdí rẹ̀ fúnra yín.)

5. Nígbà tí òjìji yín bá gùn tó yín gan-an, ẹ sáré lọ wọn òjìji ọ̀pẹ: gígùn rẹ̀ ni gíga ọ̀pẹ náà, torí oòrùn wà ní 45°, tan 45° sì jẹ́ 1. Bí oòrùn bá wà ní 60°, ìlọ́po 1.732 ni, òjìji mítà 5 jẹ́ ti ọ̀pẹ mítà 8.66. D (dígíríì) ni kó wà lójú kakulétọ̀ o, kì í ṣe R (rédíánì).

6. Ẹ kọ ìṣísẹ̀ yín sílẹ̀, torí ó ní máàkì tirẹ̀. Kí ẹ sì dá ìdáhùn padà sínú ìbéèrè. Ọmọ kan ṣírò ọjọ́ orí bàbá kan fún mi rí, ó ní ọdún −6 ni. Ó tún fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.