Ewéko Tí Kò Tanná, Tí Ó Ń Kọ́ Wa Nípa Òdòdó

Bí ẹ bá wo ara igi ọ̀pẹ, tàbí ògiri àtijọ́ tí omi ń rin, ẹ ó rí ewéko kan tí ewé rẹ̀ là bí ìyẹ́ ẹyẹ, tí ọ̀dọ́ ewé rẹ̀ sì ká bí ìrù agẹmọ. Fern ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Kì í tanná, kì í so èso, kò sì ní hóró. Koríko lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wa kà á sí. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ bí òdòdó ṣe dé inú ayé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ogún tí baba ńlá ìdílé kan fi sílẹ̀ kì í bi àwọn ọmọ ìyá kan ṣoṣo léèrè. Yóò dé agboolé àwọn ìbátan wọn pẹ̀lú. Ohun tí ilé méjèèjì jọ ní, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ogún àtijọ́. Ní ọdún 2001, Kathleen Pryer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rí hàn pé nínú gbogbo ewéko tí ó ṣì wà láàyè, àwọn fern àti ẹ̀yà wọn ni ìbátan tí ó súnmọ́ àwọn ewéko oníhóró jù lọ.

Ìgbé ayé méjì ni fern ní. Ekuru kan wà lábẹ́ ewé rẹ̀ tí a ń pè ní spore. Bí spore bá bọ́ sórí ilẹ̀ tútù, kì í di fern lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń di ewé kékeré pẹlẹbẹ tí ó ń dá bọ́ ara rẹ̀. Lára ewé kékeré yìí ni ẹyin àti sẹ́ẹ̀lì akọ wà. Sẹ́ẹ̀lì akọ a lúwẹ̀ẹ́ nínú omi lọ bá ẹyin, nígbà náà ni fern tí a mọ̀ tó hù. Wilhelm Hofmeister, ará Jámánì kan tí ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìmọ̀ ewéko, ni ó ṣàlàyé èyí ní ọdún 1851. Ó fi hàn pé àwọn ewéko oníhóró náà ní ìgbé ayé méjì, ṣùgbọ́n èkejì fara pamọ́ sínú èkíní. Ohun tí ó fara pamọ́ nínú wọn wà ní gbangba lára fern.

Èyí tí àwọn olùwádìí ń lò jù lọ ni Ceratopteris richardii. Láàrin nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ó lè ti inú spore dàgbà títí yóò fi so spore tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan wá. Nínú ewéko olódòdó, jíìnì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LEAFY, tí ó ń pàṣẹ pé kí òdòdó yọ. Bí ó bá bàjẹ́ nínú Arabidopsis, ẹ̀ka eléwé ni yóò máa yọ níbi tí òdòdó ì bá ti yọ. Ṣùgbọ́n Ceratopteris, tí kò tanná rí, ní irú jíìnì náà. Kí ni ó ń fi í ṣe? Ní ọdún 2018, Andrew Plackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dín agbára jíìnì náà kù nínú fern yìí, ọ̀mùnú rẹ̀ sì dáwọ́ ìdàgbàsókè dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni pé kí sẹ́ẹ̀lì orí ọ̀mùnú má ṣe ṣíwọ́ pípín. Irinṣẹ́ ti wà nílé, ó ti ń ṣiṣẹ́ mìíràn, kí òdòdó tó dé.

Òbí mìíràn lè béèrè pé: ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹfolúṣọ̀n yẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́? A kò fojú kékeré wo ìbéèrè yìí. Ìdáhùn wa ni pé ẹni tí ó gbà pé Ọlọ́run ni ó dá ewéko kò ní ìdí láti bẹ̀rù àtiwò ó dáadáa. Ọmọ tí a bá kọ́ láti máa sá fún ẹ̀rí lè sá fún ìgbàgbọ́ náà lọ́jọ́ tí ẹ̀rí bá ká a mọ́. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní jẹ́rìí pé ìmọ̀ Sólómọ́nì kò mọ sórí igi ńláńlá. Ó dé orí ewéko kékeré ara ògiri.

Nítorí náà, ẹ gbìyànjú èyí pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Ẹ já ewé fern kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú, ẹ da ẹ̀yìn rẹ̀ bo ìwé funfun, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò dé. Ní òwúrọ̀, bí ewé náà bá ti gbó, ẹ ó bá ekuru tí ó ya àwòrán ewé náà sórí ìwé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ṣàlàyé fún yín ohun tí ekuru náà jẹ́. Kí Olúwa jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ wa máa tọ́ àwọn ọmọ tí ń fi ara balẹ̀ wo nǹkan.