Ọ̀pá èéfín ẹ̀rọ ọlọ: bí a ṣe ń yàn án àti bí a ṣe ń so ó



Ní ọ̀pọ̀ abúlé ní agbègbè Kétu àti Ṣábẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mu gásóílì ló ń bá wa lọ àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ gbígbẹ. Ẹ wo ògiri inú ilé ẹ̀rọ tiyín. Bó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, èéfín kò jáde síta nìyẹn. Ògiri nìkan kọ́ ló ń lẹ̀ mọ́. Ó ń wọ àyà ẹni tó ń lọ nǹkan, ó ń wọ àyà obìnrin tó dúró de ìyẹ̀fun rẹ̀, ó sì ń wọ ti ọmọ tó pọ̀n. Nítorí náà ni ẹ̀kọ́ òní ṣe dá lórí ọ̀pá èéfín, èyí tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ń pè ní échappement.

Iṣẹ́ wo ni ọ̀pá náà ń ṣe?

Ẹ̀rọ ń mí bí ènìyàn. Ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí á fi gbóná gan-an, gásóílì á bọ́ sí i, iná á sọ, agbára á jáde. Lẹ́yìn náà, ó gbọdọ̀ tú èéfín dànù kó tó lè mí òmíràn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ẹ̀rọ Lister àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní 6/1. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, àwọn ará Íńdíà náà sì ń ṣe irú rẹ̀. Agbára ẹṣin 6 ló ní, ó sì ń yí ní ìgbà 650 ní ìṣẹ́jú 1. Bó bá yí lẹ́ẹ̀mejì, á tú èéfín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín 650 sí 2, ẹ máa rí 325. Ìgbà 325 ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo! Bí ọ̀nà bá há, ẹ̀rọ á dà bí ẹni tó ń sáré tí wọ́n fọwọ́ bò ó nímú. Á máa mu gásóílì, èéfín dúdú á máa jáde, ọlọ á sì máa falẹ̀.

Yíyan ọ̀pá

Ẹ wọn ẹnu ẹ̀rọ níbi tí èéfín ti ń jáde. Inú ọ̀pá kò gbọdọ̀ há ju inú ẹnu yẹn lọ. Bí ọ̀nà bá jìn, tàbí tó bá máa yà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ mú ọ̀pá tó fẹ̀ ju ẹnu ẹ̀rọ lọ díẹ̀. Ibi tó bá sì ti máa yà, kó rọra tẹ̀, kó má ṣẹ́ gbà-à bí igun àpótí.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹnìkan á ní: "Ẹnu ẹ̀rọ mi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4, mo sì ti rí ọ̀pá sẹ̀ǹtímítà 2. Ìdajì ṣáà ni, kò burú." Ìdajì kọ́ o! 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16. 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni 4 wọ inú 16. Ọ̀pá kékeré 4 ni ẹ máa tò pọ̀ kí ẹnu wọn tó tó ti ọ̀pá ńlá 1.

Irin ni kí ọ̀pá náà jẹ́. Ọ̀pá ike á yọ́. Irin tí wọ́n fi ń fa omi ṣe é lò, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń fi síńkì bò ó lára. Bí wọ́n bá máa fi iná jó o pọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ ha síńkì yẹn kúrò, kí wọ́n sì ṣe é ní gbangba, torí ẹni tó bá fa èéfín rẹ̀ símú lè máa gbọ̀n lálẹ́ bí ẹni tí ibà mú.

Agolo ńlá tó wà lára ọ̀pá, tó ń dín ariwo kù, ẹ má yọ ọ́. Àwọn ẹlẹ́rọ kan a máa yọ ọ́, wọ́n ní kí ará oko lè gbọ́ pé ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé agogo ò lè ṣe ìyẹn ni? Etí ẹni tó ń lọ nǹkan ló ń di.

Síso ó

Ẹ pa ẹ̀rọ, kó tutù pátápátá. Láàárín ẹnu ẹ̀rọ àti ọ̀pá, pẹlẹbẹ kan wà tí kì í jẹ́ kí èéfín yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Joint ni wọ́n ń pè é. Tuntun ni kí ẹ lò, irú èyí tó lè gba iná, kì í ṣe páálí, kì í ṣe awọ táyà. Ẹ ṣọ́ra fún ti àtijọ́ tí ẹ fẹ́ yọ: òmíràn ní amiante nínú, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, ẹ má ha á ní gbígbẹ, ẹ má sì fẹnu fẹ́ ẹ.

Bí ojú irin bá ti mọ́, ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo búlọ́ọ̀nù wọlé ná. Lẹ́yìn náà, ẹ fún èyí díẹ̀, ẹ fún ìkejì rẹ̀ díẹ̀, títí gbogbo wọn á fi le. Bí ẹ bá fún ọ̀kan le tán kí ẹ tó kan èkejì, ẹ̀gbẹ́ kan á gbé sókè, èéfín á gba ibẹ̀ yọ. Ẹ tan ẹ̀rọ títí á fi gbóná, ẹ pa á, kó tutù, kí ẹ tún wọn fún. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ wo oríkèé ọ̀pá. Ibi tí ẹ bá rí dúdú tuntun, ibẹ̀ ló ń jò.

Ẹ̀rọ máa ń gbọ̀n. Ẹ má jẹ́ kí ó fi ọrùn ru ọ̀pá, yóò ṣẹ́. Ẹ fi irin gbé ọ̀pá kọ́ sára ògiri. Ihò tí ẹ máa dá sára ògiri, kó fẹ̀ ju ọ̀pá lọ. Igi àti koríko òrùlé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá, torí ọ̀pá yìí lè dá iná sílẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀, kó rọra dà síhà ìta. Bó bá dúró, ẹ dé e lórí. Bí òjò bá ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ, owó ńlá ni.

Níbo ni ẹnu rẹ̀ máa kọjú sí? Kó má kọjú sí fèrèsé, kó má kọjú sí ibi tí àwọn obìnrin ń tò sí, tàbí ibi tí a ń sá àgbàdo. Kó ga ju orí ènìyàn lọ, kí atẹ́gùn lè gbé èéfín lọ.

Nínú èéfín ẹ̀rọ, gáàsì kan wà tí a kì í rí, tí kì í rùn: monoxyde de carbone. Ó pọ̀ jù nínú èéfín ẹ̀rọ tó ń mu ẹ̀sáńsì, bí irú èyí tí a fi ń tan iná mànàmáná. Ẹ má tan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé láé, kódà bí fèrèsé bá ṣí. Bí orí bá ń fọ́ ẹnìkan nílé ẹ̀rọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tó fẹ́ bì, ẹ má sọ pé iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ gbé e síta síbi afẹ́fẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Èéfín gásóílì náà ní tirẹ̀: ní 2012, àwọn onímọ̀ àjọ ìlera àgbáyé sọ ọ́ kedere pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ dáhùn ní kíláàsì

Ẹnu ẹ̀rọ kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6. Ọ̀pá sẹ̀ǹtímítà 3 mélòó ni ẹnu wọn máa tó tirẹ̀? Kí nìdí tí a fi ń fún búlọ́ọ̀nù díẹ̀díẹ̀? Ẹ lọ wo ilé ẹ̀rọ abúlé yín kí a tó tún pàdé: ibo ni ẹnu ọ̀pá kọjú sí, ta ló sì ń jókòó níbẹ̀?