Àgbò Tó Tàdí Mẹ́yìn Láìdágbére

Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Kò sí Yorùbá tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìyẹn fún. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Owódé Onírin, tí wọ́n ti jókòó rí ní kíláàsì yunifásítì. Bàbá dùbúlẹ̀ àìsàn tàbí ó kú, apá ìyá ò ká owó ilé àti owó ilé-ìwé pọ̀, ọmọ wá ní òun á dúró sí ìsọ̀ fúngbà díẹ̀. Títàdí mẹ́yìn nìyẹn, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ṣàṣà ni ẹni tó fi lẹ́tà kan ṣoṣo sílẹ̀ ní ilé-ìwé kó tó kúrò.

Ètò wà fún irú ìṣòro yìí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ̀wé pé òun fẹ́ dá ẹ̀kọ́ dúró fún sáà kan tàbí ọdún kan, á mú un lọ fún olórí ẹ̀ka, ìwé náà á gba ọ̀dọ̀ díìnì lọ sí ọ́fíìsì rẹjísítírà. Bó bá jẹ́ àìsàn ni, á fi ìwé dókítà tì í. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, àyè rẹ̀ ń dúró dè é. Ẹni tó kàn pòórá ńkọ́? Bó bá ti forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì tí kò sì ṣe ìdánwò, òdo ni wọ́n máa kọ síwájú rẹ̀, òdo yẹn á sì fa máàkì tó ti fi òógùn gbà wálẹ̀. Bí kò bá forúkọ sílẹ̀ rárá fún sáà méjì léraléra, ọ̀pọ̀ ìwé òfin ilé-ìwé kà á sí ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ tó bá padà, wọ́n lè ní kó lọ tún JAMB ṣe, òun tó ti ń múra àtigboyè tẹ́lẹ̀.

Wọ́n á ní ta ló ráyè lẹ́tà nígbà tí ilé ń jó. Mo gbọ́, mo sì mọ̀ pé ìtìjú ló pọ̀ jù níbẹ̀: ọmọ ò fẹ́ kí olùkọ́ mọ̀ pé owó ò sí. Bẹ́ẹ̀, àìlówó kì í ṣe ìwà. Ní 2023, kò tíì pé oṣù méjì tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo tí UNILAG fi gbé owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti nǹkan bí ₦19,000 lọ sí ohun tó lé ní ₦100,000. LASU ti ṣe irú rẹ̀ rí ní 2011, láti ₦25,000 sí ohun tó tó ₦193,750 sí ₦348,750, kí ìjọba Fáṣọlá ní Ìpínlẹ̀ Èkó tó dá a padà sí ₦25,000 ní 2014. Ohun tó dà bíi pé kò ní yí padà yí padà láàárín ọdún mẹ́ta, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ṣì wà nínú ìwé ló sì lè jàǹfààní rẹ̀. Bákan náà ni ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀, NELFUND, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Ó ń san owó ilé-ìwé, ó sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ₦20,000 lóṣù, ṣùgbọ́n kò lè bá ẹnikẹ́ni jókòó ti bàbá tó ń ṣàìsàn ní ọsibítù, ẹni tí ilé-ìwé ò mọ̀ mọ́ kò sì lè gbà á.

Àtakò tó lágbára jù wá láti ẹnu àwọn ọ̀gá onírin fúnra wọn: ìwé wo ló ń bọ́ èèyàn lóde òní? Mi ò ní bá wọn jà. Irin ti kọ́lé fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ ibí gan-an ni òwe náà ti kù díẹ̀ káàtó. Àgbò tó ń tàdí mẹ́yìn kì í mójú kúrò lára ẹni tó ń bá jà, ẹni náà sì ń dúró dè é. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá owó wá sí ìsọ̀ máa ń kẹ̀yìn síbi tó ti ń bọ̀. Èrè àkọ́kọ́ wọlé, ó fi ra ọjà kún ọjà. Oníbàárà jẹ ẹ́ ní gbèsè, kò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀. Agbára tó lọ mú wá ti ríṣẹ́ mìíràn ṣe. Títàdí mẹ́yìn nìkan kì í mú agbára wá, nígbà mìíràn ṣe ló ń ná an tán. Ìdí nìyí tí lẹ́tà fi gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìpadà nínú, kí owó ilé-ìwé sì ní àpò tirẹ̀ tí owó ọjà ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun á lé ní ọgbọ̀n ọdún kóun tó gboyè, NYSC kàn máa fún un ní ìwé pé kò ní sìn ni, wọn ò ní gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ìsọ̀ sì ti dè mọ́lẹ̀ pátápátá, yunifásítì NOUN gba ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà náà, kó kọ ọ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, kó gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, kó sì fi pamọ́ sílé. Bó bá fi sí ìsọ̀, epo ẹ́ńjìnnì ò ní jẹ́ kí òǹtẹ̀ náà ṣeé kà mọ́ tí ọjọ́ ìpadà bá pé.